Bí Léésà Ṣe Ń Kọ Nǹkan Sórí Àwo, àti Ibi Tí Bọ́ọ̀nù Ti Ń Bàjẹ́

Lára àwo síídì tí a kò tíì kọ nǹkan sí, ike tó nípọn tó mìlímítà 1.2 ló wà nísàlẹ̀. Aró tí wọ́n fi kùn ún fẹ́lẹ́fẹ́lẹ́ ló tẹ̀ lé e. Lẹ́yìn aró ni irin tín-ín-rín tó ń dán bíi dígí wà, kí ó tó kan ọ̀dà ìbòrí tí orúkọ ilé-iṣẹ́ máa ń wà lára rẹ̀. Láti ilé-iṣẹ́ ni wọ́n ti fa ojú ọ̀nà kan sínú ike náà, tí ó ń lọ́ bí ìkarahun ìgbín láti àárín àwo lọ sí etí rẹ̀. Ojú ọ̀nà yìí ni léésà, ìtànṣán iná tín-ín-rín tó wà nínú ẹ̀rọ àwo, ń tọ̀ nígbà tí kọ̀ǹpútà bá ń kọ nǹkan sórí àwo, iṣẹ́ tí gbogbo ènìyàn mọ̀ sí bọ́ọ̀nù. Ibi tí léésà bá ti mú aró gbóná yóò ṣú, ibi tí kò bá kàn yóò máa dán, ìyàtọ̀ méjèèjì yìí sì ni ẹ̀rọ ń kà padà bí orin, fídíò tàbí ìwé. Aró tó bá ti ṣú kò ṣe é dá padà, ìdí nìyí tí bọ́ọ̀nù tó dúró lágbedeméjì fi sábà máa ń sọ àwo di aláìwúlò. Ẹni tó bá fẹ́ wá ìdí ìṣòro gbọ́dọ̀ kọ́kọ́ mọ ìgbà tó ṣẹlẹ̀: ṣé kí léésà tó bẹ̀rẹ̀ ni, ṣé lẹ́nu iṣẹ́ ni, àbí ìgbà tí àwo dé inú ẹ̀rọ mìíràn.

Bí kọ̀ǹpútà bá ní òun kò rí àwo, tí àwo tuntun sì wà nínú ẹ̀rọ, àìbáramu ló sábà máa ń fà á. Ẹ̀rọ tí wọ́n kọ DVD-ROM sí lára ń kà ni, kì í kọ. DVD-R àti DVD+R jẹ́ oríṣi àwo òfìfo méjì; àwọn ẹ̀rọ àtijọ́ kan ń gba DVD-R ṣùgbọ́n wọn kì í gba DVD+R. Ohun tí àwo lè gbà náà yàtọ̀ síra: síídì ń gba mẹ́gábáìtì 700, DVD onípele kan ń gba gígábáìtì 4.7, èyí tó jẹ́ onípele méjì ń gba 8.5. Windows á máa fi nǹkan bíi 4.38 hàn fún DVD tí páálí rẹ̀ ní 4.7, láìsí pé ẹnikẹ́ni rẹ́ni jẹ, nítorí 1,024 ni Windows fi ń ka ohun tí ilé-iṣẹ́ ń fi 1,000 kà.

Ẹ̀rọ àwo tí wọ́n ń fi okùn USB so mọ́ kọ̀ǹpútà ní ìṣòro tirẹ̀. Ihò USB 2.0 kò ju mílíámpù 500 lọ; iná yìí lè tó láti ka àwo, ṣùgbọ́n ó lè má tó mọ́ nígbà tí léésà bá fẹ́ kọ, ẹ̀rọ yóò sì pòórá lójú kọ̀ǹpútà lójijì. Okùn olórí méjì tí a kì bọ ihò méjì lẹ́ẹ̀kan náà sábà máa ń yanjú rẹ̀.

Kí léésà tó mú iṣẹ́ pọ̀n, ó ń dán agbára rẹ̀ wò ní apá kékeré kan nítòsí àárín àwo, kí ó lè mọ bí iná òun ṣe gbọ́dọ̀ le tó fún aró tó wà níbẹ̀. Bí ìdánwò yìí kò bá yọrí, «Power Calibration Error» ni yóò jáde. Àwọn kan á torí rẹ̀ pa gbogbo Windows rẹ́, wọ́n á tún un fi sínú kọ̀ǹpútà, làálàá asán gbáà nìyẹn. Àwo ló yẹ kí a kọ́kọ́ fura sí, nítorí aró àwo olówó pọ́ọ́kú kì í fi bẹ́ẹ̀ dọ́gba. Kí a gbé àwo ilé-iṣẹ́ mìíràn sí i, kí a sì dín iyára kù. Bí oríṣi àwo méjì tàbí mẹ́ta bá kọ̀, a jẹ́ pé eruku ti bo lẹ́ǹsì, tàbí pé léésà ti gbó. Léésà tó ti gbó ṣì lè máa ka àwo dáadáa, nítorí agbára tí kíkọ ń gbà ju ti kíkà lọ fíìfíì, èyí ló sì ń tan ọ̀pọ̀ ènìyàn jẹ.

Lẹ́nu iṣẹ́, àwo ń yí, dátà sì gbọ́dọ̀ máa dé lásìkò. Síídì tí a ń kọ ní 52x, ìyẹn ìlọ́po 52 iyára ìpìlẹ̀ síídì, ń gba nǹkan bíi mẹ́gábáìtì 7.8 ní ìṣẹ́jú-àáyá kan bó bá dé ìtòsí etí; DVD ní 16x, ìlọ́po 16 iyára ìpìlẹ̀ tirẹ̀, ń gba bíi 22. Ẹ̀rọ ń kó dátà sínú ibi ìpamọ́ kékeré kan bí ìgbà tí a ń pọn omi sínú àmù, léésà sì ń bù ú níbẹ̀. Láyé àtijọ́, bí àmù bá gbẹ pẹ́nrẹ́n, àwo ti bàjẹ́ nìyẹn. Ní nǹkan bí ọdún 2000 ni ilé-iṣẹ́ Sanyo ti Jàpáànù gbé BURN-Proof jáde, tí ó ń dá léésà dúró tí àmù bá fẹ́ gbẹ, tí ó sì ń mú un bẹ̀rẹ̀ padà lójú ibi tó dé gan-an. Síbẹ̀, ó dára kí a kọ́kọ́ da fáìlì kúrò lórí fláàṣì sínú kọ̀ǹpútà, kí a sì pa àwọn ètò mìíràn dé. Iná tó lọ lójijì ni BURN-Proof kò lè gbà wá lọ́wọ́ rẹ̀, nítorí náà níbi tí iná kò ti dúró ṣinṣin, kọ̀ǹpútà alágbèéká tí bátìrì rẹ̀ kún ló dára jù fún iṣẹ́ yìí. Ní ti iyára, ìrọra púpọ̀ jù kò dára ju eré àsápajúdé lọ: DVD tí wọ́n ṣe fún 16x sábà máa ń dára ní 8x, torí pé léésà tó ń yára ni wọ́n po aró rẹ̀ fún.

Èyí tó ń dun ènìyàn jù ni àwo tó yọrí lórí kọ̀ǹpútà ṣùgbọ́n tí ẹ̀rọ DVD inú pálọ̀ kò kà, pàápàá bó bá jẹ́ fídíò ìgbéyàwó tàbí ìsìnkú òbí tí wọ́n fẹ́ pín fún ẹbí. Windows ń béèrè bóyá a fẹ́ lo àwo bíi fláàṣì tàbí fún ẹ̀rọ CD àti DVD. Ẹni tó bá mú ti fláàṣì ti ṣe àwo tí kọ̀ǹpútà nìkan sábà máa ń kà. Bí a kò bá sì pa àwo dé nígbà tí a kọ ọ́ tán, iṣẹ́ tí ètò ń pè ní «Finalize», ọ̀pọ̀ ẹ̀rọ kò ní rí ibi tí dátà ti bẹ̀rẹ̀ àti ibi tó parí sí. Fáìlì MP4 tí a kàn jù sórí àwo kì í ṣe fídíò DVD: ètò gbọ́dọ̀ yí i padà sí MPEG-2, irú fídíò tí ẹ̀rọ DVD ń kà, kí ó sì kó o sínú fódà VIDEO_TS. PAL àti NTSC jẹ́ ìlànà àwòrán tẹlifíṣọ̀n méjì: ìlà 576 ni àwòrán PAL tí Nàìjíríà ń lò ní, 480 ni ti NTSC tí Amẹ́ríkà ń lò; DVD PAL tí a fi ránṣẹ́ sí àwọn ẹbí ní Amẹ́ríkà lè kọ̀ láti ṣiṣẹ́ nínú ẹ̀rọ wọn, bó tilẹ̀ jẹ́ pé kò sí àbùkù kankan lára rẹ̀.

Àwọn ètò bọ́ọ̀nù ní ibi tí a ti lè ní kí wọ́n yẹ àwo wò lẹ́yìn iṣẹ́, tí wọn yóò fi fi ohun tó wà lórí rẹ̀ wé fáìlì tòótọ́. Ẹ̀rọ tó kọ ọ́ náà ló ń yẹ̀ ẹ́ wò, nítorí náà ó yẹ kí a tún gbé àwo sínú ẹ̀rọ kejì, kí a wò ó dé òpin, kí ẹnikẹ́ni tó pa fídíò rẹ́ kúrò nínú kámẹ́rà. Bíírò kò dára fún kíkọ orúkọ sórí síídì, nítorí ọ̀dà tó bo irin níbẹ̀ kò nípọn. Máákà onímú rírọ̀ ni kí a lò.