Gander: Ìlú Tí Pápákọ̀ Òfurufú Bí

Ìbéèrè: Mo gbọ́ pé ní ọjọ́ 11 oṣù Kẹsàn-án 2001, bàálù èrò 38 ló bà sí Gander ní Kánádà. Ẹ jọ̀wọ́, kí ni ìlú tí èèyàn ibẹ̀ ò ju nǹkan bí 10,000 lọ nígbà yẹn ń fi irú pápákọ̀ ńlá bẹ́ẹ̀ ṣe?

Ìdáhùn: Ní Gander, pápákọ̀ ni ẹ̀gbọ́n, ìlú ni àbúrò. Kí iṣẹ́ tó bẹ̀rẹ̀ ní 1936, igbó ni ibẹ̀, àfi ojú irin rélùwéè tó gba inú rẹ̀ kọjá. Bàálù kìíní bà síbẹ̀ ní ọjọ́ 11 oṣù Kìíní 1938. Àwọn tó wá ṣiṣẹ́ níbẹ̀ ló di ará ìlú, ìdí nìyẹn tí wọ́n fi sọ àdúgbò wọn lórúkọ àwọn awakọ̀ òfurufú bí Alcock àti Lindbergh.

Ìbéèrè: Kí ló wá dé tó fi jẹ́ inú igbó yẹn?

Ìdáhùn: Ẹ mú ọsàn kan. Ẹ fi báírò to àmì méjì sí apá òkè rẹ̀, ọ̀kan lọ́tùn-ún, ọ̀kan lósì, kí méjèèjì jìnnà sí ìdí igi rẹ̀ bákan náà. Ẹ wá na òwú tó le dáadáa láàárín wọn. Ẹ ó rí i pé òwú náà ò ní yí ìbàdí ọsàn ká, òkè ló máa gùn lọ. Bí ọ̀nà London sí New York ṣe rí nìyẹn: ó gùn sókè, ó sì gba orí Newfoundland, erékùṣù tí Gander wà.

Ọ̀nà náà lé ní 5,500 kìlómítà. Epo bàálù ayé ìgbà yẹn ò lè gbé e débẹ̀, pàápàá tó bá ń lọ sí Amẹ́ríkà, nítorí atẹ́gùn máa ń kọjú ìjà sí i. Ṣùgbọ́n láti Shannon ní Ireland sí Gander, nǹkan bí 3,200 kìlómítà ni, ibẹ̀ ni wọ́n wá ń dúró gbepo. Gander tún jìn sínú ilẹ̀ díẹ̀, kùrukùru etí òkun kì í fi bẹ́ẹ̀ dà á láàmú.

Ogun ló kọ́kọ́ sọ ọ́ di ńlá. Ní ọjọ́ 10 oṣù Kọkànlá 1940, bàálù ogun Hudson 7 gbéra níbẹ̀ lálẹ́, ọ̀gbẹ́ni Don Bennett ló ṣáájú wọn. Nígbà tí ilẹ̀ mọ́, gbogbo wọn ti gúnlẹ̀ sí Àríwá Ireland.

Ìbéèrè: Kí ló pa ibẹ̀ kú?

Ìdáhùn: Jẹ́ẹ̀tì ni. Oṣù Kẹfà 1959 ni Ọbabìnrin Elizabeth ṣí gbọ̀ngàn èrò tuntun níbẹ̀, ó sì máa ń dùn mí fún wọn, torí ìgbà yẹn gan-an ni bàálù tó lè fò kọjá láìdúró gbepo ń dé.

Ṣùgbọ́n ojú ọ̀nà gígùn tí wọ́n là fún bàálù ò lọ síbì kan. Nígbà tí Amẹ́ríkà ti ojú òfurufú rẹ̀ pa ní 2001, ibẹ̀ ni àlejò tó lé ní 6,500 bọ́ sí. Àwọn awakọ̀ bọ́ọ̀sì ilé ẹ̀kọ́ tó ń yanṣẹ́ lódì pa ìyanṣẹ́lódì tì, wọ́n lọ kó èrò. Oúnjẹ tí àwọn ará ìlú dá jọ pọ̀ débi pé pápá yìnyín tí wọ́n ti ń gbá họ́kì ni wọ́n fi ṣe fíríìjì.

Títí dòní, bí ẹ bá wọ bàálù ní London lọ sí New York, nígbà tí ẹ bá ti kọjá àárín òkun, òṣìṣẹ́ kan ní Gander ló sábà máa ń tọ́ awakọ̀ yín sọ́nà.