Ta ló ṣe jíìpù ológun àkọ́kọ́? Kì í ṣe Willys, kì í sì í ṣe Ford

Bí ẹ bá bi ẹni tó fẹ́ràn ọkọ̀ pé ta ló ṣe jíìpù ológun àkọ́kọ́, orúkọ tó máa kọ́kọ́ jáde lẹ́nu rẹ̀ ni Willys, iléeṣẹ́ ọkọ̀ kan ní Amẹ́ríkà. Ẹlòmíràn á ní Ford ni, á tún fi kún un pé orúkọ ọkọ̀ náà gan-an jẹ́rìí sí i: G àti P tí Ford fi ṣe àmì ọkọ̀ tirẹ̀ làwọn sójà ń pè wéré-wéré tó fi di "jíìpù". Mo ti gbọ́ ọ lẹ́nu àwọn tó mọ ẹ́ńjìnnì dunjú. Ó máa ń dùn mí, torí àwọn tó ṣiṣẹ́ náà kì í ṣe ẹni àìmọ̀. A mọ orúkọ wọn, a mọ ọjọ́ tí wọ́n bẹ̀rẹ̀, a tilẹ̀ mọ agogo tí wọ́n gbé ọkọ̀ náà dé.

Ọdún 1940 ni. Ogun ti gba Yúróòpù kan, iléeṣẹ́ ológun Amẹ́ríkà sì ń wá ọkọ̀ kékeré tó máa rọ́pò ẹṣin àti alùpùpù: kó fúyẹ́, kí ẹ́ńjìnnì máa yí ẹsẹ̀ mẹ́rẹ̀ẹ̀rin, kó lè wọ ẹrẹ̀ kó sì jáde. Ní oṣù Keje, wọ́n kọ̀wé sí iléeṣẹ́ 135. Méjì péré ló dá iye lé e: Willys-Overland ní ìlú Toledo, àti American Bantam, iléeṣẹ́ kékeré kan ní Butler, ní ìpínlẹ̀ Pennsylvania. Kò yà mí lẹ́nu pé àwọn tó kù sá fún un. Àwọn ológun ní ọkọ̀ náà kò gbọdọ̀ wúwo ju nǹkan bíi kìló 590 lọ, kò sì sẹ́ni tó lè ṣe é kó fúyẹ́ tó bẹ́ẹ̀. Ẹni tó bá gba iṣẹ́ náà sì ní láti gbé ọkọ̀ àkọ́kọ́ wá láàárín ọjọ́ 49.

Bantam ti fẹ́rẹ̀ẹ́ kógbá sílé nígbà yẹn. Wọ́n ránṣẹ́ sí ẹnjiníà kan ní Detroit, Karl Probst. Kò kọ́kọ́ fẹ́ gbà, torí bí iṣẹ́ náà kò bá bọ́ sí i, kò ní rí kọ́bọ̀ gbà. Nígbà tó yá, ó gbà. Ọjọ́ 17 oṣù Keje ló jókòó ti iṣẹ́ náà, láàárín nǹkan bí ọjọ́ méjì ó ti ya gbogbo rẹ̀ sórí pépà. Nígbà tó fi di ọjọ́ 22, ìwé Bantam ti dé iwájú àwọn ológun. Owó tí Willys dá lé e kò tó ti Bantam, ṣùgbọ́n Willys ní ọjọ́ 49 ti kéré jù fún òun. Bí iṣẹ́ ọkọ̀ 70 ṣe bọ́ sọ́wọ́ Bantam nìyẹn.

Ọjọ́ 23 oṣù Kẹsàn-án ni ọjọ́ 49 pé, kò gbọdọ̀ kọjá agogo márùn-ún ìrọ̀lẹ́, ní Camp Holabird, ibùdó ológun tó wà ní Baltimore. Probst àti Harold Crist, ọ̀gá tó ń bójú tó títò ọkọ̀ náà, wọ inú rẹ̀, wọ́n sì wà á kúrò ní Butler fúnra wọn. Ẹ́ńjìnnì tuntun ò fẹ́ eré, nítorí náà wọ́n rọra ń fà á lọ. Ìgbà tí wọ́n rí i pé ọjọ́ ti ń lọ, wọ́n tẹná mọ́ ọn. Agogo mẹ́rin ààbọ̀ ni wọ́n wọlé. Ẹ rò ó wò: ìdajì wákàtí ló kù kí gbogbo làálàá yẹn wọmi.

Ọkọ̀ náà wúwo ju ohun tí wọ́n kọ sínú ìwé lọ fíìfíì, ẹ́ńjìnnì rẹ̀ kò sì ju agbára ẹṣin 45 lọ. Àwọn ológun wà á ní ìwàkuwà fún ohun tó lé ní 3,000 máìlì, inú igbó àti ẹrẹ̀ ló pọ̀ jù níbẹ̀. Àwọn ibì kan yẹ̀, wọ́n tún un ṣe, ó sì ń lọ. Ọkọ̀ tí wọ́n ń wá ti dé.

Ibi tí ọ̀rọ̀ ti wọ́ wá nìyí. Àwọn ológun ń bẹ̀rù pé Bantam kéré jù láti ṣe ẹgbẹẹgbẹ̀rún ọkọ̀ nígbà ogun, ẹ̀rù yẹn sì tọ́. Ṣùgbọ́n ohun tí wọ́n ṣe ni pé wọ́n jẹ́ kí àwọn ẹnjiníà Willys àti Ford wá wo ọkọ̀ náà tinú tòde, wọ́n sì kó àwòrán Probst fún wọn. Ní oṣù Kọkànlá, àwọn méjèèjì gbé tiwọn dé, ó sì jọ ti Bantam bí ọmọ ṣe ń jọ bàbá.

Mi ò ní fi ti Willys dù ú. Ẹ́ńjìnnì tirẹ̀ lágbára ẹṣin 60, kò sí èyí tó sún mọ́ ọn nínú àwọn méjì tó kù. Ọkọ̀ rẹ̀ ló wúwo jù, Barney Roos tó jẹ́ olórí àwọn ẹnjiníà rẹ̀ sì ní kí wọ́n tú u palẹ̀, kí wọ́n wọn ẹyọ kọ̀ọ̀kan, títí kan bóòtù àti ọ̀dà, kí wọ́n gé ohun tó bá ṣeé gé. Ó kájú òṣùwọ̀n nígbẹ̀yìn. Ní oṣù Keje 1941, Willys gba iṣẹ́ ọkọ̀ 16,000, lẹ́yìn náà ni wọ́n ní kí Ford máa ṣe irú ti Willys gẹ́lẹ́. Àwọn méjèèjì jọ ṣe ohun tó lé ní 600,000 kí ogun tó parí. Ti Bantam kò pé 3,000, ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì àti Rọ́ṣíà ni wọ́n sì kó púpọ̀ nínú wọn lọ. Lẹ́yìn ìyẹn, kẹ̀kẹ́ ẹrù tí wọ́n ń so mọ́ ẹ̀yìn jíìpù ni wọ́n ní kí Bantam máa ṣe.

Ti GP ńkọ́? Nínú àmì Ford, G dúró fún iṣẹ́ ìjọba, P sì ni àmì ọkọ̀ tó jẹ́ ínǹṣì 80 láti ẹsẹ̀ iwájú dé ẹsẹ̀ ẹ̀yìn. Àmọ́ ọ̀rọ̀ náà ti wà lẹ́nu sójà kí Ford tó ṣe irú ọkọ̀ yìí kankan. Láti 1936 ni ẹranko kan tó ń jẹ́ Eugene the Jeep ti wà nínú àwòrán ẹ̀fẹ̀ Popeye, bẹ́ẹ̀ ni sójà sì ti ń fi orúkọ yẹn pe oríṣiríṣi ọkọ̀ tuntun. Ní oṣù Kejì 1941, awakọ̀ Willys kan, Red Hausmann, wa ọkọ̀ gun àtẹ̀gùn ilé aṣòfin ní Washington, ó sì sọ fún akọ̀ròyìn pé jíìpù ni. Ìwé ìròyìn gbé e, orúkọ náà sì tàn kálẹ̀. Ẹ kíyè sí i pé ọkọ̀ Willys ni, kò sí GP kankan lára rẹ̀.

Kódà irin iwájú tó ní ihò gbọọrọ-gbọọrọ, tí gbogbo ayé fi ń dá jíìpù mọ̀, iṣẹ́ Ford ni. Willys kàn gbà á lò ni. Mẹ́sàn-án ni ihò náà nígbà ogun, ẹ̀yìn ogun ló di méje.

Bí ogun ṣe ń lọ, Willys ń polówó ara rẹ̀ pé òun lòun dá jíìpù sílẹ̀. Ní 1943, àjọ ìjọba Amẹ́ríkà tó ń mójú tó òwò, Federal Trade Commission, pè é lẹ́jọ́ lórí rẹ̀. Ní 1948, àjọ náà pàṣẹ pé kó yé sọ bẹ́ẹ̀, torí Bantam pẹ̀lú àwọn ológun ni iṣẹ́ náà ti bẹ̀rẹ̀. Ní 1950, Willys fi orúkọ Jeep sílẹ̀ lábẹ́ òfin gẹ́gẹ́ bíi tirẹ̀.