Ọ̀pá driver gọ́ọ̀fù

Ọ̀pá driver ni ibi gígùn tẹ́ẹ́rẹ́ tó so èèkù pọ̀ mọ́ orí driver, igi gọ́ọ̀fù tó máa ń gùn jù nínú àpò, tí wọ́n sì sábà máa ń fi gbá bọ́ọ̀lù àkọ́kọ́ sí ihò tó bá jìnnà. Gráfáìtì, ohun fífúyẹ́ tí wọ́n fi fọ́nrán kábọ́nù ṣe, ni wọ́n fi ń ṣe èyí tó pọ̀ jù lóde òní. Bí wọ́n bá fẹ́ yan ọ̀pá fún ẹnì kan, wọ́n á wo bó ṣe le tó, bó ṣe wúwo tó, bó ṣe gùn tó, bó ṣe ń lọ́, àti ibi tó ti ń tẹ̀. Líle rẹ̀ lọ̀rọ̀ pọ̀ lé lórí jù, ibẹ̀ náà sì ni àṣìṣe pọ̀ sí jù.

Ìtàn ní ṣókí

Igi hickory ni wọ́n fi ń ṣe ọ̀pá títí wọ inú àwọn ọdún 1920. Àárín àwọn ọdún náà ni USGA, ẹgbẹ́ tó ń ṣàkóso gọ́ọ̀fù ní Amẹ́ríkà, fọwọ́ sí ọ̀pá irin; R&A ti St Andrews ní Scotland, ẹgbẹ́ tó ń ṣàkóso rẹ̀ níbòmíràn, fọwọ́ sí i ní 1929. Ní 1931, Billy Burke, agbá-gọ́ọ̀fù ará Amẹ́ríkà, fi ọ̀pá irin gba ife ìdíje US Open. Nǹkan bí ọdún 1970 ni gráfáìtì dé ọjà.

Líle ọ̀pá

Lẹ́tà ni wọ́n fi ń ṣàpèjúwe líle: L ló rọ̀ jù, A tẹ̀ lé e, lẹ́yìn náà R, S, títí dé X tó le jù. Ṣùgbọ́n kò sí òṣùwọ̀n kan tí gbogbo ilé iṣẹ́ fẹnu kò sí lórí àwọn lẹ́tà yìí. S ti ilé iṣẹ́ kan lè rọ̀ ju R ti òmíràn lọ. Ìdí nìyí tí àwọn tó mọ iṣẹ́ fi ń wọ̀n ọ́n fúnra wọn. Wọ́n á fi fáìsì di ìdí ọ̀pá mú gírígírí, wọ́n á so nǹkan wíwúwo mọ́ ṣóńṣó rẹ̀, wọ́n á fà á díẹ̀, wọ́n á sì jù ú sílẹ̀. Ẹ̀rọ á ka iye ìgbà tó gbọ̀n ní ìṣẹ́jú kan. Bó ṣe le tó ni iye náà ń pọ̀ tó. Ọ̀pọ̀ ọ̀pá driver máa ń wà láàárín 230 sí 280.

Ìmọ̀ràn tó wọ́pọ̀ ni pé kí wọ́n fi eré tí orí igi ń sá yan lẹ́tà. Tí kò bá tó máìlì 75 ní wákàtí kan, L. 75 sí 85, A. 85 sí 95, R. 95 sí 105, S. Tó bá ju bẹ́ẹ̀ lọ, X. Èyí dára fún ìbẹ̀rẹ̀, kò ju bẹ́ẹ̀ lọ. Orí igi ẹni méjì lè jọ sá máìlì 98 ní wákàtí kan, kí ọ̀kan máa fara balẹ̀ lókè kó tó fa igi wálẹ̀, kí èkejì sì máa já a wálẹ̀ gìjà. Ẹni tó ń já a yìí sábà máa ń fẹ́ ọ̀pá tó le sí i.

Bí ọwọ́ bá ti ń bọ̀ nílẹ̀, orí igi á ṣì wà lẹ́yìn, ọ̀pá á sì tẹ̀ sẹ́yìn. Kó tó kan bọ́ọ̀lù, ó ti tẹ̀ síwájú, nítorí pé àárín ìwúwo orí driver wà lẹ́yìn ìlà ọ̀pá, tí eré yíyípo náà sì ń fà á láti bá ìlà yẹn dọ́gba. Títẹ̀ síwájú yìí ló ń gbé ojú igi sókè díẹ̀. Ọ̀pọ̀ gbà pé ọ̀pá ń ta bọ́ọ̀lù bí ọrun ṣe ń ta ọfà. Ó jọ bẹ́ẹ̀ lóòótọ́, àmọ́ bọ́ọ̀lù kì í pẹ́ lójú igi ju nǹkan bí ìdá kan nínú 2,000 ìṣẹ́jú àáyá lọ. Bí ọ̀pá ṣe gbé orí igi dé ibẹ̀ ló ṣe pàtàkì.

Wọ́n máa ń sọ pé ọ̀pá tó rọ̀ jù ń gbé bọ́ọ̀lù lọ sókè, tó sì ń darí rẹ̀ sí òsì fún ẹni tó ń lo ọwọ́ ọ̀tún, pé èyí tó le jù ń ṣe òdìkejì. Kì í ṣe fún gbogbo ènìyàn, torí ara máa ń yí ìṣọwọ́gbá padà láti bá ohun tó wà lọ́wọ́ mu.

Ìwúwo, gígùn àti ìyókù

Ọ̀pá gráfáìtì fún driver sábà máa ń wúwo tó gíráàmù 40 sí 80. Ti irin máa ń ju 100 lọ. Èyí tó fúyẹ́ lè fi eré kún un, ṣùgbọ́n ó lè da ìṣọwọ́gbá ẹlòmíràn rú. Driver tí wọ́n ń tà máa ń gùn tó ínṣì 45 sí 46. Òfin kò gbà ju 48 lọ, àti láti 2022, àwọn olùṣètò ìdíje lè dín in kù sí 46. Ọ̀pá kúkúrú ń ran ọ̀pọ̀ lọ́wọ́ láti fi àárín ojú igi gbá bọ́ọ̀lù. Tí wọ́n bá gé ọ̀pá kúrú, orí igi á dà bí ẹni pé ó fúyẹ́, àwọn kan á sì lẹ òjé mọ́ ọn.

Lílọ́ ni wọ́n ń fi dígírì wọ̀n. Ibi títẹ̀ tó bá sún mọ́ orí igi ń ran bọ́ọ̀lù lọ́wọ́ díẹ̀ láti gòkè.

Wíwọ̀n

Ẹ̀rọ tó ń lo rédà tàbí kámẹ́rà ni wọ́n fi ń wo eré orí igi, bí bọ́ọ̀lù ṣe gbéra, àti bó ṣe ń yí. Orí kan náà ni wọ́n ń lò, ọ̀pá nìkan ni wọ́n ń pààrọ̀. Ìdè tó ń so ọ̀pá mọ́ orí kì í sábà bá ti ilé iṣẹ́ mìíràn mu. Bí wọ́n bá gé ṣóńṣó ọ̀pá, ó ń le sí i. Bí wọ́n bá gé ìdí rẹ̀, gígùn ló ń dín kù jù.