Ẹ̀rọ ìwọ̀n-oríkèé nínú ẹ̀kọ́ ìdárayá aláìyọnisílẹ̀

Ẹ̀rọ ìwọ̀n-oríkèé jẹ́ ohun èlò oníbátìrì tó ń fi dígírì sọ ibi tí oríkèé ara lè ká tàbí nà dé. Nínú ẹ̀kọ́ ìdárayá aláìyọnisílẹ̀, níbi tí akẹ́kọ̀ọ́ tó ní ìpèníjà ara ti ń ṣeré pẹ̀lú àwọn ẹgbẹ́ rẹ̀, olùkọ́ ń fi í yan eré tó bá ara ọmọ kọ̀ọ̀kan mu, ó sì ń fi í mọ̀ bóyá ara ọmọ náà ń rọ̀ tàbí ó ń le láti táàmù kan sí òmíràn.

Ìbẹ̀rẹ̀

Goniometer olápá méjì tí kò lo iná, tí wọ́n ń fi ọwọ́ gbé lé oríkèé láti wọn igun rẹ̀, ni àwọn físíò (àwọn tó ń fi ìdárayá tọ́jú iṣan àti oríkèé) mọ̀ jù, wọn kò sì tíì pa á tì. Ní ọdún 1959 ni Peter Karpovich àti alábàáṣiṣẹ́ rẹ̀ ní Amẹ́ríkà kọ nípa electrogoniometer, èyí tó lè ka igun oríkèé nígbà tí ara ń lọ lọ́wọ́.

Bí wọ́n ṣe ń ṣiṣẹ́

Nínú electrogoniometer ìgbà náà, apá kan á wà lórí itan, ìkejì á wà lórí ojúgun, potentiometer á sì wà ní ẹ̀gbẹ́ orúnkún. Bí orúnkún bá ṣe ń ká ni ìdènà iná inú potentiometer ń yí padà, ìyípadà yìí ni wọ́n sì ń sọ di dígírì. Ṣùgbọ́n ojú tí orúnkún fi ń yí kì í dúró sí ibì kan. Ó ń sún bí ẹsẹ̀ ṣe ń ká, apá ẹ̀rọ náà á sì yẹ̀. Àwọn tó dé lẹ́yìn, tí wọ́n ní okùn tẹ́ẹ́rẹ́ tó ń tẹ̀ pẹ̀lú ara, kò ní ìṣòro yìí tó bẹ́ẹ̀.

Inclinometer ní tirẹ̀ ń fi agbára tó ń fa nǹkan wálẹ̀ (gravity) mọ bí apá ara kan ṣe tẹ̀ tó. Ó dára fún èjìká àti ọ̀pá ẹ̀yìn, àmọ́ kò lè ka bí ẹni tó jókòó ṣe ń yí ọrùn sọ́tùn-ún sósì. Gyroscope, tó ń mọ bí nǹkan ṣe ń yára yí tó, lè kà á, ṣùgbọ́n àṣìṣe kéékèèké rẹ̀ ń gorí ara wọn bí ìṣẹ́jú ṣe ń kọjá. Nítorí náà ni sẹ́ńsọ̀ IMU ṣe pa accelerometer (tó ń fi gravity mọ ìtẹ̀) àti gyroscope pọ̀, tí púpọ̀ nínú wọn tún fi magnetometer (tó ń mọ òòfà ilẹ̀ ayé) kún un. Irin ń da magnetometer láàmú, ohun tó yẹ kí olùkọ́ fi sọ́kàn ni bí akẹ́kọ̀ọ́ bá wà lórí àga onítáyà onírin.

Fóònù

Accelerometer wà nínú ọ̀pọ̀ fóònù, áàpù inclinometer kò sì nílò íntánẹ́ẹ̀tì láti ka igun. Fún ilé ẹ̀kọ́ ní Àkúrẹ́ tàbí Òǹdó tí agbára rẹ̀ kò ká sẹ́ńsọ̀ olówó ńlá, ó jọ pé òun ni ọwọ́ lè tètè tó. Olùkọ́ á gbé fóònù sórí ibi tó tẹ́jú kó lè bẹ̀rẹ̀ láti òdo, á dì í mọ́ ojú ibì kan náà nígbà gbogbo, á wọ̀n ọ́n lẹ́ẹ̀mẹta, á sì wá ìpíndọ́gba. Òógùn ń mú kí bẹ́líìtì yọ̀, nítorí náà àárọ̀ sàn ju ọ̀sán lọ. Ó yẹ kí orúkọ ẹni tó wọn ọmọ wà nínú àkọsílẹ̀, nítorí bí ọwọ́ bá yí padà, iye lè yí padà.

Lára akẹ́kọ̀ọ́ tó ní ìpèníjà

Iye tí àwọn oníṣègùn eegun sábà máa ń lò fún àgbàlagbà ni 180 fún gbígbé apá sókè láti èjìká, 150 fún kíká ìgúnpá àti 135 fún kíká orúnkún. Ìyàtọ̀ tí kò tó dígírì 5 sábà máa ń wá láti ọwọ́ ẹni tó ń wọ̀n, kì í ṣe láti ara ọmọ. Fún ọmọ tó ní ìpèníjà, ìwọ̀n tirẹ̀ ti àtẹ̀yìnwá wúlò ju iye gbogbogbòò wọ̀nyí lọ.

Bí a bá na ẹsẹ̀ ọmọ tó ní cerebral palsy (ìpalára ọpọlọ tó ń da ìṣàkóso iṣan rú) kíákíá, iṣan lè tètè dì í mú. Bí a bá rọra nà án, ó lè lọ síwájú sí i. Àlàfo tó wà láàárín igun méjèèjì ń tọ́ka sí iṣan tó ń fà. Ibi tí ẹsẹ̀ dúró sí nígbà tí a rọra nà án ń fi hàn bóyá iṣan ti kúrú. Níbí ni ẹ̀rọ tó ní gyroscope ti ta goniometer lásán yọ pátápátá, nítorí ó ń kọ ìyára àti igun sílẹ̀ pọ̀.

Ọmọ tó ní Down syndrome (ipò àbímọ́ni kan) sábà máa ń ní oríkèé tó rọ̀ jù, nítorí náà iye tó ń pọ̀ sí i lè má jẹ́ ìlọsíwájú. Eegun méjì tó wà lókè ọrùn kì í dì mọ́ra dáadáa lára àwọn kan nínú wọn. Kò yẹ kí olùkọ́ tẹ ọrùn wọn láti wọ̀n ọ́n láìjẹ́ pé dókítà ti yẹ̀ ẹ́ wò.

Akẹ́kọ̀ọ́ tí kò ríran lè gbọ́ iye tirẹ̀ bí fóònù bá ń kà á sókè. Ìdánwò Brockport, ìdánwò okun ara tó jáde ní 1999 fún àwọn ọmọ ọdún 10 sí 17 tó ní ìpèníjà, ní ọ̀nà láti wo ìnàra tí kò nílò ẹ̀rọ rárá.

Ní ìpínlẹ̀ Òǹdó

Òfin àpapọ̀ tí ààrẹ buwọ́ lù ní 2019 fún àkàndá ẹ̀dá ní ẹ̀tọ́ sí ẹ̀kọ́ láìsí ìyàsọ́tọ̀. Ilé ẹ̀kọ́ adití wà ní Àkúrẹ́, ti afọ́jú wà ní Ọ̀wọ̀. Ìlú Òǹdó ní yunifásítì ẹ̀kọ́ olùkọ́ ti Adéyẹmí, níbi tí wọ́n ti ń kọ́ olùkọ́ ìdárayá, àti yunifásítì ìmọ̀ ìṣègùn UNIMED, tó ń kọ́ àwọn físíò. Àwọn méjèèjì ni iṣẹ́ yìí nílò: físíò tó mọ ibi tí sẹ́ńsọ̀ yóò wà, àti olùkọ́ tó ń rí ọmọ náà lórí pápá lọ́sọ̀ọ̀sẹ̀.