Tẹ́ ẹ bá fẹ́ jáwọ́ nínú sìgá, ẹ bi nọ́ọ̀sì yín

Ọ̀pọ̀ àwọn tó ń mu sìgá ló ti gbìyànjú láti jáwọ́ rí. Wọ́n ti ju páálí sínú iná, wọ́n ti búra fún ìyàwó, wọ́n ti gbààwẹ̀ sí i. Tó bá di ọjọ́ kejì, ọjọ́ kẹta, oorun á dá lójú wọn, orí á máa fọ́ wọn, gbogbo èèyàn á máa bí wọn nínú, ni wọ́n á bá tún forí lé kíóòsì. Ará ilé á ní wọn ò lè kó ara wọn níjàánu. Lẹ́nu iṣẹ́ nọ́ọ̀sì tí mò ń ṣe láàárín àwọn tó ní àìsàn àyà, mi ò gbà bẹ́ẹ̀ rárá. Nikotíìnì, èròjà inú tábà tó ń di bárakú síni lára, kì í lò ju nǹkan bí ìṣẹ́jú àáyá 10 sí 20 lọ kó tó dé ọpọlọ, ọpọlọ tó bá sì ti bá a mọ́ra fún ọdún pípẹ́ á bínú tí wọ́n bá gbà á lọ́wọ́ rẹ̀. Ọjọ́ mélòó kan àkọ́kọ́ ló máa ń le jù. Láàárín ọ̀sẹ̀ 2 sí 4, ó máa ń rọlẹ̀. Ìgbà yẹn gan-an ló yẹ kẹ́ ẹ rí wa lẹ́gbẹ̀ẹ́ yín.

Ìbéèrè ló ń ṣáájú. Bàbá kan wá nítorí ikọ́, ọmọ rẹ̀ obìnrin jókòó tì í, nọ́ọ̀sì wá fi ohùn líle sọ pé, "Ẹ kì í mu sìgá, àbí?" Kí ni bàbá fẹ́ sọ? "Rárá o." Ọ̀rọ̀ parí nìyẹn. Ọ̀rọ̀ rere ní í yọ obì lápò. Èmi á kọ́kọ́ ní kí ọmọ bá wa lọ sanwó káàdì, màá wá rọra bi wọ́n pé, "Bàbá, sìgá ni, aṣáà ni, àbí ṣíṣà, èwo lẹ máa ń lò?" Mi ò jẹ́ yọ aṣáà sílẹ̀, torí àwọn ìyá àgbà tó ń fi í sábẹ́ ètè ò ka ara wọn mọ́ àwọn tó ń lo tábà, bẹ́ẹ̀ ó lè fa jẹjẹrẹ ẹnu.

Lẹ́yìn náà: "Tẹ́ ẹ bá jí, báwo ló ṣe máa ń pẹ́ tó kẹ́ ẹ tó mu ti àkọ́kọ́?" Ẹni tó bá ní, "Kí n tó fi pákò kan ẹnu ni," ti jẹ́ kí n mọ̀ pé nikotíìnì ti mú un dáadáa. Ẹlòmíì á ní ìgbẹ́ ò lè wá àfi tí òun bá kọ́kọ́ fa igi kan. Kò purọ́. Nikotíìnì máa ń ti ìfun ṣiṣẹ́, tí wọ́n bá sì dáwọ́ dúró, inú lè há fúngbà díẹ̀. Ó yẹ ká ti sọ fún un ṣáájú, kó máa mumi, kó máa jẹ ẹ̀fọ́ àti èso, kó má lọ rò pé àìsàn tuntun ló dé.

Oògùn wà. Láti ọdún 2009 ni Àjọ Ìlera Àgbáyé ti fi ṣingọ́ọ̀mù nikotíìnì àti èyí tí wọ́n ń lẹ̀ mọ́ ara kún àwọn oògùn tó ṣe pàtàkì jù. Ní 2021, wọ́n fi varenicline àti bupropion, oògùn oníhóró méjì tí kò ní nikotíìnì, kún un. Ní ti ṣingọ́ọ̀mù àti èyí tí wọ́n ń lẹ̀ mọ́ ara, àwọn èèyàn máa ń bi mí pé ṣé nikotíìnì kọ́ la tún ń fún wọn yìí? Òun ni, àmọ́ èéfín ló ń ba ẹ̀dọ̀fóró àti ọkàn jẹ́ jù, kò sì sí èéfín nínú èyí. Bí wọ́n ṣe ń já ọmọ lẹ́nu ọmú la ṣe ń dín in kù. Ẹni tó ń mu sìgá láàárín ìṣẹ́jú 30 tó bá jí ló máa ń lo ṣingọ́ọ̀mù 4mg. 2mg ni ti àwọn yòókù. Wọn kì í rún un bíi ṣingọ́ọ̀mù ọmọdé o. Ẹ rọra jẹ ẹ́ títí ẹnu á fi máa ta yín, kẹ́ ẹ wá kì í sáàárín ẹ̀rẹ̀kẹ́ àti erìgì. Tí títa náà bá lọ, ẹ tún jẹ ẹ́, fún nǹkan bí ìṣẹ́jú 30. Ẹ má mu kọfí tàbí mínírà ní ìṣẹ́jú 15 ṣáájú. Ẹni tó ní wárápá ò gbọdọ̀ lo bupropion. Aláboyún àti ẹni tó ń gún ínsúlínì ní láti kọ́kọ́ rí dókítà.

Kì í ṣe gbogbo ilé ìwòsàn ló ní àwọn oògùn yìí, owó wọn ò sì kéré. Ṣùgbọ́n ìmọ̀ràn ò nílò owó. A á jọ mú ọjọ́ kan tẹ́ ẹ máa jáwọ́ láàárín ọ̀sẹ̀ 2, a á jọ wo ibi tí sìgá ti ń dé ọwọ́ yín. Ní ti awakọ̀, gáréèjì ni, nídìí àwọn tó ń ta paraga. Òfin tí wọ́n ṣe ní Nàìjíríà ní 2015 ò fàyè gba títa sìgá ní igi kọ̀ọ̀kan, síbẹ̀ igi kọ̀ọ̀kan ni wọ́n ń tà káàkiri, ó sì ń dùn mí gan-an, torí ẹni tí ò ní ra odindi páálí lè ra ẹyọ kan. Tí sìgá bá ń wù yín mu, ìṣẹ́jú díẹ̀ ni ìfẹ́ náà máa fi le: ẹ fi pákò sẹ́nu, ẹ mu omi tútù, ẹ kúrò níbẹ̀.

Láàárín ọ̀sẹ̀ àkọ́kọ́, ó yẹ kí nọ́ọ̀sì pè yín. Tẹ́ ẹ bá ti mu ẹyọ kan, ẹ má fi pamọ́ fún un. Kò ní bú yín, á bi yín pé, "Ibo lẹ wà? Ta ló wà níbẹ̀? Kí lẹ ti mu ṣáájú?" Ẹ̀yin méjèèjì á wá jọ ṣètò fún ibẹ̀ gan-an, kẹ́ ẹ sì máa bá a lọ láti ọjọ́ kejì.