Bí Ọkọ̀ Ìgbòkun Ṣe Ń Ṣe Jáìbù Nígbà Tí Sípínákà Wà Lókè

Nínú oṣù Kọkànlá lọ́dọọdún, ọ̀pọ̀ ọkọ̀ ìgbòkun máa ń gbéra láti Las Palmas ní Erékùṣù Canary lọ sí Saint Lucia ní Caribbean, nínú ìrìn àjò àjọrìn tí wọ́n ń pè ní ARC (Atlantic Rally for Cruisers), èyí tó bẹ̀rẹ̀ ní ọdún 1986. Ọ̀nà náà tó nǹkan bí 2,700 máìlì ojú òkun, ẹ̀yìn sì ni afẹ́fẹ́ tó ń bọ̀ láti àríwá ìlà-oòrùn ti máa ń ti ọkọ̀ fún èyí tó pọ̀ jù nínú rẹ̀. Ìdí nìyẹn tí ọ̀pọ̀ atukọ̀ fi ń ta sípínákà, ìgbòkun fẹ́lẹ́fẹ́lẹ́ tó tóbi gan-an, tó máa ń wú bí ikùn níwájú ọkọ̀. Ọkọ̀ lè lo ọjọ́ mélòó kan tí ẹ̀gbẹ́ kan ṣoṣo yóò máa gba afẹ́fẹ́. Ṣùgbọ́n bí afẹ́fẹ́ bá yí, tàbí tí ọkọ̀ ń yà jìnnà sí ibi tí wọ́n ń lọ, dandan ni kí wọ́n pààrọ̀ ẹ̀gbẹ́. Pípààrọ̀ yìí ni jáìbù.

Nínú jáìbù, ìdí ọkọ̀ ló ń la ojú afẹ́fẹ́ kọjá, kì í ṣe iwájú rẹ̀. Bí ó bá jẹ́ iwájú ni, ìgbòkun á kọ́kọ́ máa gbọ̀n pẹ̀rẹ̀pẹ̀rẹ̀, agbára rẹ̀ á sì rọlẹ̀ kó tó gba ti ẹ̀gbẹ́ kejì. Jáìbù kò ní irú ìsinmi bẹ́ẹ̀. Afẹ́fẹ́ á ṣàdédé bọ́ sí òdìkejì ìgbòkun àgbà tó so mọ́ òpó gíga ọkọ̀, ọ̀pá ìdábùú tó na ìsàlẹ̀ rẹ̀ á sì fò láti ẹ̀gbẹ́ kan sí èkejì. Ọ̀pá yìí ti pa ènìyàn rí, ó sì ti gbá àwọn mìíràn sínú òkun. Nítorí rẹ̀ ni wọ́n ṣe ń fi okùn so orí ọ̀pá náà mọ́ iwájú ọkọ̀, kí ó má bàa fò nígbà tí ẹnikẹ́ni kò retí rẹ̀.

Ẹni tó ṣẹ̀ṣẹ̀ ń kọ́ṣẹ́ sábà máa ń rò pé ìgbà tí eré ọkọ̀ bá rọlẹ̀ ló yẹ kí òun yí i. Òdìkejì gan-an ló tọ̀nà. Bí afẹ́fẹ́ bá ń fẹ́ ní 20 nọ́ọ̀tì (ìyẹn 20 máìlì ojú òkun ní wákàtí kan) láti ẹ̀yìn tààrà, tí ọkọ̀ sì ń sá ní 6, 14 ló kù tí ìgbòkun ń gbà. Bí ọkọ̀ bá ń sọ̀ kalẹ̀ lórí ìgbì ní 10, 10 péré ló kù. Bẹ́ẹ̀ sì ni, bí eré afẹ́fẹ́ bá di ìlọ́po méjì, agbára tó fi ń ti ìgbòkun á di ìlọ́po mẹ́rin, nítorí náà láti 14 sí 10, agbára náà ti fẹ́rẹ̀ẹ́ dín sí ìdajì. Ìgbà tí ọkọ̀ bá ń sáré jù lórí ìgbì ni atukọ̀ tó mọṣẹ́ máa ń kígbe pé kí wọ́n yí i. Bí imú ọkọ̀ bá ti gún ẹ̀yìn ìgbì iwájú, tí eré já, ó ti pẹ́ jù fún ìgbì yẹn. Òmíràn ń bọ̀.

Kí ìgbì náà tó dé, wọ́n á ti tú okùn tó so ọ̀pá ìdábùú mọ́ iwájú, kò sì gbọdọ̀ sí ẹni tó nàró sí ibi tí ọ̀pá máa gbà. Wọ́n á fa okùn ìgbòkun àgbà wọlé títí ọ̀pá á fi fẹ́rẹ̀ẹ́ dé àárín, kí ibi tí yóò fò dé má bàa jìnnà. Bí ó bá ti kọjá, wọ́n á tú okùn náà kíákíá, torí ìgbòkun àgbà tó há sí àárín á máa yí imú ọkọ̀ sí ojú afẹ́fẹ́.

Ní ti sípínákà, iṣẹ́ atukọ̀ ni kí ó jẹ́ kí ọkọ̀ máa wà lábẹ́ rẹ̀. Bí wọ́n ṣe ń fa ọ̀kan nínú okùn méjì tó di igun ìsàlẹ̀ rẹ̀ mú ni wọ́n ń dẹ èkejì, kí ìgbòkun lè wà níwájú bí ọkọ̀ ṣe ń yí. Lórí ọkọ̀ kékeré, ẹni tó wà nídìí òpó á já ọ̀pá sípínákà, èyí tó ń ti igun kan ìgbòkun náà síta, kúrò lára òpó, á fi orí yẹn há okùn ẹ̀gbẹ́ tuntun, á tú orí kejì kúrò lára okùn àtijọ́, á sì fi há òpó. Lórí ọkọ̀ ńlá, ọ̀pá náà wúwo ju ohun tí ọwọ́ lè gbé lọ. Ńṣe ni wọ́n ń sọ orí rẹ̀ kalẹ̀ kí ó lè gba ẹ̀yìn okùn irin tó di òpó mú níwájú kọjá, kí ẹni tó wà níbẹ̀ fi okùn tuntun sí i lẹ́nu.

Ọwọ́ ẹni tó di ìtọ́kọ̀ mú ni nǹkan ti sábà máa ń bàjẹ́. Bí ó bá yí i jù, ọkọ̀ á máa yí lọ lẹ́yìn tí ọ̀pá ti kọjá, á dà sí ẹ̀gbẹ́, ìtọ́kọ̀ á yọ kúrò nínú omi, kò sì ní gbọ́ràn mọ́. Nítorí náà, bí ọ̀pá bá ṣe ń kọjá ni á ti máa dá ìtọ́kọ̀ padà díẹ̀.

Ọkọ̀ tí ènìyàn méjì péré ń tù kò nílò gbogbo wàhálà yìí. Wọ́n á fa àpò gígùn tí wọ́n ń pè ní ìbọ̀sẹ̀ bo sípínákà láti òkè dé ìsàlẹ̀, wọ́n á fi ìgbòkun àgbà nìkan ṣe jáìbù, wọ́n á sì tún ṣí i ní ẹ̀gbẹ́ kejì. Bí afẹ́fẹ́ bá ti le jù, ìbọ̀sẹ̀ kì í fẹ́ wálẹ̀ mọ́, àfi kí wọ́n kọ́kọ́ darí ọkọ̀ kí ìgbòkun àgbà lè ṣíji bo sípínákà, kí wọ́n sì dẹ okùn rẹ̀ títí yóò fi rọ.