Bí ilẹ̀ òfìfo ṣe di igbó, ọ̀dàn àti aṣálẹ̀

Ní òwúrọ̀ ọjọ́ 14, oṣù kọkànlá, ọdún 1963, àwọn apẹja kan lójú agbami níhà gúúsù Iceland rí èéfín dúdú tó ń rú látinú òkun. Wọ́n ṣebí ọkọ̀ ojú omi kan ló ń jóná, wọ́n sì darí síbẹ̀ bóyá wọ́n á lè dóòlà ẹ̀mí. Àṣé òkè ayọnáyèéfín ló ń tú lábẹ́ omi. Iná náà kò kú títí di oṣù kẹfà ọdún 1967. Nígbà yẹn, erékùṣù tuntun kan ti jókòó sójú òkun, ó fẹ̀ tó kìlómítà onígun mẹ́rin 2.7. Surtsey ni wọ́n sọ ọ́.

Ìjọba Iceland ò jẹ́ kí ẹnikẹ́ni fẹsẹ̀ kan ilẹ̀ náà àfi àwọn onímọ̀ sáyẹ́ǹsì díẹ̀. Ìdí ni pé ilẹ̀ tí kò ní erùpẹ̀, tí kò ní kòkòrò, tí kò sí hóró irúgbìn kankan lábẹ́ rẹ̀ ṣọ̀wọ́n láyé. Wọ́n fẹ́ mọ ẹni tí yóò kọ́kọ́ dé.

Ewéko etíkun kan ló kọ́kọ́ dé, ní 1965. Ìgbì ló gbé hóró rẹ̀ wá. Àwọn ewéko wínníwínní tí í lẹ̀ mọ́ òkúta tútù tẹ̀ lé e ní 1967. Lẹ́yìn náà, nǹkan falẹ̀. Iyanrìn ibẹ̀ kì í mú omi dúró, kò sì sí oúnjẹ nínú rẹ̀, ọ̀pọ̀ ohun tó hù ló ń kú kó tó so. Ó tó nǹkan bí ogún ọdún kí ẹyẹ òkun tó bẹ̀rẹ̀ sí í pa ìtẹ́ lọ́pọ̀ yanturu síbẹ̀, ìgbà yẹn lọ̀rọ̀ yí padà. Ìgbẹ́ wọn di ajílẹ̀, wọ́n sì ń gbé irúgbìn wá. Ibi tí wọ́n pọ̀ sí tutù yọ̀yọ̀, ibi tí wọn ò dé ṣì gbẹ táútáú. Igi wílò kúkúrú àkọ́kọ́ hù ní 1998. (Tòmátò náà hù níbẹ̀ rí. Ẹnì kan nínú àwọn tó wá ṣe ìwádìí ni kò lè mú un mọ́ra, ló bá ṣu sáàárín àpáta. Wọ́n fà á tu kíá.)

Irú ohun tó ṣẹlẹ̀ ní Surtsey ló ti ṣẹlẹ̀ sí gbogbo ilẹ̀ ayé rí, àmọ́ ti ilẹ̀ ayé gba ọ̀pọ̀ mílíọ̀nù ọdún. Nǹkan bí 470 mílíọ̀nù ọdún sẹ́yìn ni àwọn ewéko kéékèèké àkọ́kọ́ tinú omi gòkè wá. Wọ́n ń jẹ àpáta díẹ̀díẹ̀, òkú wọn sì ń di erùpẹ̀ fún àwọn tó ń bọ̀ lẹ́yìn. Nílùú Cairo ní ìpínlẹ̀ New York, gbòǹgbò igi tó ti tó 385 mílíọ̀nù ọdún ṣì hàn nínú òkúta, òmíràn nà tó mítà 10. Igbó gidi nìyẹn o, ṣùgbọ́n igbó tí kò ní òdòdó, tí kò ní èso, tí ẹyẹ kankan ò ké nínú rẹ̀.

Igbó kìjikìji olójò tí gbogbo èèyàn ń pè ní igbó àtayébáyé kì í ṣàgbà rárá. Àwọn òkú ewé tó di òkúta ní Colombia fi hàn pé nígbà ayé àwọn dinosaur, igi ibẹ̀ jìnnà síra, oòrùn sì ń kanlẹ̀ láàárín wọn. Nígbà tí òkúta ńlá já láti ojú ọ̀run ní 66 mílíọ̀nù ọdún sẹ́yìn, tó pa dinosaur run, igbó yẹn náà bá a lọ. Ó gbà tó mílíọ̀nù ọdún mẹ́fà kí oríṣiríṣi igi tó tún pọ̀ padà níbẹ̀. Èyí tó sì hù, àwọn igi olódòdó ló gbapò, wọ́n fi orí kan orí, abẹ́ wọn ṣókùnkùn. Ìparun ló bí igbó tí a fi ń yangàn lónìí.

Àbúrò ni ọ̀dàn jẹ́ sí i. Láàárín mílíọ̀nù ọdún mẹ́jọ sí mẹ́fà sẹ́yìn ni koríko ilẹ̀ olóoru gba ilẹ̀ rẹpẹtẹ. Ọ̀gbẹlẹ̀ ń gùn sí i, iná ń jó lemọ́lemọ́. Bí iná bá jó koríko, ìdí rẹ̀ á tún rúwé. Bí ó bá jó ọmọ igi léraléra, ó di dandan kó kú. Sahara ńkọ́? Ní nǹkan bí 9,000 ọdún sẹ́yìn, adágún omi àti koríko wà níbẹ̀. Àwòrán màlúù àti erinmi táwọn ará ìgbà náà yà sára àpáta ní Tassili n'Ajjer, ní Algeria, kò tíì pa rẹ́. Ilẹ̀ tí igbó páìnì bò ní Canada àti Sweden lónìí, abẹ́ yìnyín ló wà ní 20,000 ọdún sẹ́yìn.

Báwo làwọn èèyàn ṣe wá mọ̀ pé ilẹ̀ ń yí padà báyìí? Ní 1802, ará Jámánì kan, Alexander von Humboldt, gun òkè Chimborazo ní Ecuador. Ó rí i pé bí òun ṣe ń gòkè tí òtútù ń pọ̀ sí i ni ewéko ń yí padà, láti igbó olóoru nísàlẹ̀ dé ibi tí yìnyín ò ti jẹ́ kí nǹkan hù. Òtútù àti òjò ló ń pín ilẹ̀. Ní agbedeméjì ayé, afẹ́fẹ́ gbígbóná ń gòkè, ó ń rọ òjò rẹ̀ sílẹ̀. Bó bá sọ̀ kalẹ̀ níhà àríwá àti gúúsù ibẹ̀, gbígbẹ ló dé, ìdí sì nìyí tí àwọn aṣálẹ̀ ńlá fi tò sí ìhà méjèèjì.

Ìyẹn sọ ibi tí igbó wà, kò sọ bó ṣe débẹ̀. Ní 1899, Henry Chandler Cowles, onímọ̀ nípa ewéko ará Amẹ́ríkà, kọ̀wé lórí àwọn òkìtì iyanrìn etí adágún Michigan. Bí èèyàn bá kúrò létí omi, iyanrìn tuntun tí koríko ṣẹ̀ṣẹ̀ ń dì mú ni yóò kọ́kọ́ bá, lẹ́yìn náà igbó kékeré, lẹ́yìn náà igi páìnì, kó tó dé igbó igi oak lórí àwọn òkìtì tó ti gbó. Ìrìn ìṣẹ́jú díẹ̀ ń mú un la ọ̀pọ̀ ọdún kọjá. Lójú tèmi, kò sí ẹni tó fi ohun díẹ̀ rí ohun púpọ̀ tó bẹ́ẹ̀ nínú ẹ̀kọ́ yìí.

Frederic Clements, ará Amẹ́ríkà bíi ti Cowles, wá sọ ọ́ dòfin ní 1916: ewéko ilẹ̀ kan dà bí ara ènìyàn, ó ń dàgbà ní ìpele-ìpele títí yóò fi gbó, ojú ọjọ́ ibẹ̀ ló sì ń pinnu bó ṣe máa gbó. Henry Gleason, onímọ̀ nípa ewéko ará Amẹ́ríkà mìíràn, ní rárá. Ó ní ewéko kọ̀ọ̀kan ń wá láyè ara rẹ̀ ni, ẹni tó bá kọ́kọ́ débẹ̀ tí ilẹ̀ gbà ló ń gbé ibẹ̀. Wọn ò dá a lóhùn, ó sì padà sídìí iṣẹ́ pípín ewéko sí ẹ̀yà-ẹ̀yà. Ní 1935, Arthur Tansley ará Gẹ̀ẹ́sì dá sí i: kì í ṣe ewéko nìkan, ẹ ka erùpẹ̀, omi, afẹ́fẹ́ àti ẹranko mọ́ ọn, ọ̀kan náà ni gbogbo wọn.

Ọjọ́ 18 oṣù karùn-ún ọdún 1980 ni òkè St. Helens bú ní Amẹ́ríkà, ó sì fi eérú àti òkúta gbígbóná bo gbogbo àyíká. Àwọn tó gba ti Clements gbọ́ ń retí ìpele kìíní. Àmọ́ níbì kan, eku abẹ́lẹ̀ tó yè nínú ihò rẹ̀ ti ń hú erùpẹ̀ àtijọ́ jáde sórí eérú. Níbòmíràn, lupine, tó jẹ́ ẹbí ẹ̀wà, ló nìkan hù, gbòǹgbò rẹ̀ ń fún ilẹ̀ ní náítírójìn, ìyẹn oúnjẹ ewéko. Ibi méjì lórí òkè kan náà, lábẹ́ òjò kan náà, ohun tó hù níbẹ̀ kò jọra. Clements ò jẹ̀bi tán, nítorí lupine ló tún ilẹ̀ ṣe fún àwọn tó tẹ̀ lé e. Ṣùgbọ́n ọ̀rọ̀ ẹni tó kọ́kọ́ dé, ti Gleason ló ṣẹ. Ó ti kú ní 1975.